Ọjọ́ tí Ìgúnpá Sàlàkọ́ Yẹ̀

Ní Ògbòòrò, bí ènìyàn bá ṣubú tí eegun rẹ̀ kán tàbí tó yẹ̀, agbo ilé kan ni wọ́n máa ń gbé e lọ, agbo ilé Sàlàkọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ eegun títò, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ bàbá rẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀, Mákánjúọlá, ni wọ́n jọ ń ṣe é, tí ilẹ̀kùn yàrá wọn kọjú síra nínú ọgbà kan náà.

Ẹgbẹ́ mi ni Sàlàkọ́. A jọ ka ìwé mẹ́fà ni, kí èmi tó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kí òun tó padà sí oko iṣu àti ìdí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Lọ́dún tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, òun ló to eegun ojúgun mi, mo sì ń fi ẹsẹ̀ náà rìn títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ fún mi, díẹ̀ sì ṣojú mi.

Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Àyọ̀ká, lọ ká irú lẹ́yìn oko wọn. Sàlàkọ́ ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n kò tíì gbà pé òun ti kọjá ẹni tí ń gun igi. Ó gùn ún, ó ń já èso irú sílẹ̀, Àyọ̀ká ń ṣà á sínú agbọ̀n. Ẹ̀ka tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ti gbẹ nínú láìjẹ́ pé ó hàn lẹ́yìn. Ó dá. Bó ti ń já bọ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú kí ojú rẹ̀ má baà kọ́kọ́ kan ilẹ̀, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ kan yẹn.

Nígbà tí Àyọ̀ká fi máa sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó. Ó ń wo apá ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo apá aláìsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Ṣóńṣó ìgúnpá rẹ̀ ti yọ gogoro sẹ́yìn. Ibi tó yẹ kó yọ ti jìn wọlé. Láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ dà bí ẹni pé ó kúrú ju ti ọwọ́ òsì lọ. Kò lè ká a, kò sì lè nà án.

Ó ní, “Ó ti yẹ̀, Ìyá Abíọ́nà. Oríkèé ìgúnpá ti jáde.”

“Ṣé kò kán?”

Ó fi ọwọ́ òsì wá eegun náà yí ká. Lẹ́yìn náà ló ní, “N kò mọ̀.”

Àyọ̀ká sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn ló já òun láyà ju bí apá náà ṣe rí lọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí, kò sì gbọ́ ọ rí kó fọwọ́ kan eegun kan kó wí pé òun kò mọ̀.

Ọlọ́kadà kan tó ń kó iṣu bọ̀ ló gbé wọn wọ ìlú. Kí wọ́n tó dé ilé, apá náà ti wú bí ìkòkò, ìka rẹ̀ méjì tó kéré jù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yìnrìnyìnrìn. Mákánjúọlá ti gbọ́, ó ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó ti gbé òrí kaná kó lè yọ́, ó ti to àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ tí wọ́n fi ń di eegun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkùnrin méjì tí yóò di aláìsàn mú ti dúró.

Mákánjúọlá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ mọ̀ pé bó bá ti pẹ́, ó máa le.”

Sàlàkọ́ kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún mú. Ó ní ohun tó wá sí òun lọ́kàn lójú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá bá òun láti abúlé kan lódìkejì Ìgbòho ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Atoeegun mìíràn ti di apá ọkùnrin náà le, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí Sàlàkọ́ tú aṣọ náà, ìka márààrún ti dúdú, wọ́n sì ti tutù. Wọ́n gé ọwọ́ yẹn ní Ìbàdàn. Ohun tí ọkùnrin náà sì sọ fún un ni pé yìnrìnyìnrìn ni ìka òun kọ́kọ́ ń ṣe.

Ó ní, “Mákánjúọlá, ìka mi méjì ń kú lọ.”

“Òrí á mú un rọ̀.”

“Mò ń lọ bá Nọ́ọ̀sì.”

Nọ́ọ̀sì tó ń wí ni Florence, obìnrin tó ń bójú tó ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé tó wà lẹ́bàá ọjà. Ó ti tó ọdún méje tí àárín òun àti Sàlàkọ́ kò ti gún. Florence máa ń sọ ọ́ ní gbangba, nínú ìpàdé àwọn ìyá ọmọ, pé kí wọ́n má gbé ọmọ tó ṣubú lọ sílé atoeegun kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Sàlàkọ́ náà máa ń dá a lóhùn pé àwọn tó ń gé apá ènìyàn kò lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń to ó.

Mákánjúọlá rọra gbé ìkòkò òrí kúrò lórí iná. Ó ní, “Bí ẹ bá jáde lọ síbẹ̀, kí ni kí n sọ fún àwọn tó bá wá lọ́la?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Ó jáde.

Florence kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ ọ̀rọ̀ àná. Sàlàkọ́ ní bó bá bú òun ni, ì bá rọ òun lọ́rùn. Ó kí i, “Bàbá Abíọ́nà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jókòó síbí.” Ó fọwọ́ wá iṣan tó ń lù lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ó tẹ èékánná rẹ̀ títí ó fi funfun, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà sí i. Ó fi owú kan ìka kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé, “Ẹ ń gbọ́ ọ? Èyí ńkọ́?” Nígbà tó dé orí ìka tó kéré jù, Sàlàkọ́ ní òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Florence ní, “Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ọwọ́ yín, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n eegun tó jáde yìí ń tẹ iṣan tó ń jẹ́ kí ìka gbọ́ ìfọwọ́kàn. A ní láti dé Ṣakí lónìí. N kò ní fà á níbí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹun, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ mu omi lójú ọ̀nà.”

“Omi ńkọ́? Òùngbẹ ń gbẹ mí.”

“Wọ́n máa fún yín ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú yín sùn kí wọ́n tó dá a padà. Bí oúnjẹ bá wà nínú yín, ẹ lè bì í gba ọ̀nà ọ̀fun, kó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.”

Ó fi pákó kan tì í lábẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, láìnà án, láìká a. Ó fi ìborùn Àyọ̀ká gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Sàlàkọ́ ń wo ọwọ́ obìnrin náà bó ṣe ń so ó. Ó ní ó so ó ní ìsọ tí kò le, tí ìka sì wà níta gbangba kí wọ́n lè máa rí àwọ̀ wọn. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni òun ti ń di apá, òun máa ń bo ìka mọ́ ọn.

Èmi ni mo wa mọ́tò tó gbé wọn lọ sí Ṣakí. Ọ̀nà yẹn kò dára. Ní gbogbo ibi tí kòtò wà, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń payín lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n kò ké. Ohun kan ṣoṣo tó sọ títí a fi dé ni, “Báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń gbọ́ ọ.” N kò béèrè àwọn wo.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n kọ́kọ́ ya ẹ́síréè, ìyẹn fọ́tò tó ń fi eegun hàn. Dókítà tó wá rí i kéré sí ọmọ rẹ̀ Abíọ́nà lọ́jọ́ orí. Akíntọ́lá ni wọ́n ń pè é. Ó jẹ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó béèrè iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe.

Àyọ̀ká yára dáhùn pé, “Àgbẹ̀ ni wọ́n.”

Sàlàkọ́ ní, “Mò ń to eegun.”

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè láti inú ìwé tó ń kọ. Mo rò pé yóò sọ ọ̀rọ̀ líle. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé fọ́tò náà síwájú ìmọ́lẹ̀, ó sì ní, “Ẹ wá wò ó, sà. Ẹ ó tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ.”

Sàlàkọ́ dìde. Mo rí i tó súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fọ́tò náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rí inú ohun tó ti ń fọwọ́ wá láti kékeré. Dókítà fi ìka tọ́ka sí eegun òkè apá fún un, àti àwọn eegun méjì tó wà nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń gbé ara wọn mú bí ilẹ̀kùn àti ìdè rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ti fò sẹ́yìn báyìí. Ó ní, “Tiyín, ó yẹ̀ lásán. Kò sí eegun tó kán. Orí yín bá yín ṣe é.” Ó wá mú fọ́tò mìíràn jáde tí kò kọ orúkọ ẹni tó ni ín. “Ẹ wo èyí. Ọmọdé ni. Bí tiyín náà ló ṣe rí lójú, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe wú. Ṣùgbọ́n ẹ rí èérún eegun tó wà níbí yìí? Ó já kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bọ́ sáàárín oríkèé. Bí a bá fà á padà láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òkúta nìyẹn. Kò ní pa dé mọ́, kò sì ní ṣí.”

“Ọwọ́ kò lè mọ ìyẹn?”

“Ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n, sà. Tèmi náà kò lè mọ̀ ọ́n. Ìdí tí a fi ń ya fọ́tò nìyẹn.”

Mo rí i tí Sàlàkọ́ fi ọwọ́ òsì di etí tábìlì mú. Mo rò pé ìrora ni.

Wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ìrora àti ti oorun. Àyọ̀ká àti èmi jókòó síta, kò sì pẹ́ tó bí a ṣe rò. Nígbà tó jí, apá ti padà sáyè rẹ̀, wọ́n ti ká a bí igun ilé, wọ́n ti fi Pí-Ó-Pì, simẹ́ǹtì funfun àwọn dókítà, tì í lẹ́yìn nìkan, wọ́n fi báńdéèjì rọra wé e. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Dókítà sọ fún un pé ẹnì kan di òkè apá mú, òun fa ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní títọ́, òun fi àtàńpàkò ti ṣóńṣó ìgúnpá síwájú, ó dún kẹ̀ẹ̀, ó wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ya fọ́tò láti rí i pé ó wọlé dáadáa, kò sì sí nǹkan tó há.

Sàlàkọ́ ní, “Bí àwa náà ṣe ń fà á nìyẹn.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń fà kì í sùn.”

Dókítà ní kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé bí ara apá bá ti rọlẹ̀, àwọn yóò tú Pí-Ó-Pì náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó lè máa ká a, kó máa nà án fúnra rẹ̀.

“Ọ̀sẹ̀ méjì? Ogójì ọjọ́ ni bàbá mi ń dì í. Èmi máa ń fi díẹ̀ kún un bó bá jẹ́ ọmọdé.”

“Ìgúnpá kò fara mọ́ ìsinmi gígùn, sà. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó máa gan. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òrí wọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ara tó fara pa lè di eegun, ó sì di líle títí ayé.”

Ohun tó kó ìdààmú bá ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, kì í ṣe ìgúnpá tirẹ̀. Bí a ti ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ kejì, a kò tíì kúrò nínú ìlú Ṣakí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ. Ó ń ka wọ́n jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń gbàdúrà. Gbogbo ẹni tó ti to ìgúnpá fún láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni, mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́fà nínú wọn ń lo apá wọn dáadáa. Ọ̀kan ti kú, ikú mìíràn ló sì pa á. Mẹ́rin kò lè na apá wọn mọ́. Ó ní òun ti máa ń sọ fún àwọn mẹ́rin yẹn pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni.

Orúkọ tó sọ kẹ́yìn ni Misturat.

Misturat jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tó já láti orí igi kaṣú. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá gáréèjì. Bàbá rẹ̀, Jímọ̀, ti kú. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù. Sàlàkọ́ ló fa apá náà, tí ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó fi òrí wọ́ ọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì dì í fún àádọ́ta ọjọ́. Nígbà tó tú u, apá náà ti dúró lójú kan ní ìlàjì kíká, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Wọ́n tú apá Sàlàkọ́ lọ́jọ́ kẹtàlá. Florence ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ká a: kó jókòó, kó gbé apá lé orí tábìlì, kó jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má fi agbára mú un. Ojoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀, ojú gbogbo ọjà ló sì ń kọjá. Àwọn kan ń kí i, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìka méjì náà ń jí bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mákánjúọlá kò wá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí eegun wọn yẹ̀ ń wọlé sí yàrá òdìkejì. Bí Sàlàkọ́ bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó máa ń rí wọn.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn oṣù kan àti ààbọ̀, ó wá bá mi nílé. Ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ ìyá Misturat.

A bá ìyá náà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta. Misturat wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Sàlàkọ́ ní kó jẹ́ kí òun wo apá rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo ìyá rẹ̀ kó tó gbé e wá. Sàlàkọ́ kò tẹ̀ ẹ́, kò fà á, ó kàn fi ọwọ́ gbé e lábẹ́. Ó ní kó gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu. Ọwọ́ náà dúró níwájú àyà. Misturat tẹ orí sílẹ̀ láti fi ẹnu bá ọwọ́. Ó ṣe é kíá, bí ohun tó ti mọ́ ọn lára, kò sì mọ̀ pé a ń wo òun bẹ́ẹ̀.

Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò náà, ó sọ ti èérún eegun, ó sọ ti òrí àti ti àádọ́ta ọjọ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní, “Kì í ṣe bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi ni. N kò mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni.”

Ìyá Misturat ṣì ń tẹ́ èlùbọ́. Nígbà tó ṣe, ó nà ró. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì wá bá wa nígbà náà, ó ní ká gbé e lọ sí Ṣakí. Jímọ̀ wá béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ?”

“Mo rántí.”

“Ẹ ní bí a bá gbé e lọ, wọ́n máa gé e.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo wí.”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí ṣe báyìí, Bàbá Abíọ́nà?”

Misturat ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n lè tún un ṣe?”

Sàlàkọ́ ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n pé òun yóò bá wọn lọ béèrè. Ìyá ní àwọn kò nílò kó bá àwọn lọ. Florence ló mú wọn lọ sí Ṣakí. Dókítà Akíntọ́lá ya fọ́tò. Ó rí eegun kékeré náà níbi tó há sí, ó sì rí eegun tuntun tó ti hù sí ara iwájú ìgúnpá. Ó sọ fún wọn láìfi bò pé ì bá ti rọrùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní báyìí, iṣẹ́ abẹ ni, Ìbàdàn sì ni wọ́n ti lè ṣe é. Ó lè mú kí ọwọ́ dé ẹnu, kò sì dájú pé yóò nà tán láéláé. Ó tún lè má yí padà rárá.

Ìyá kò fẹ́. Ó ní wọ́n ti fi ọwọ́ kan ọmọ òun tó. Misturat ló tẹnu mọ́ ọn. Ó ní òun fẹ́ lè we gèlè fúnra òun, kí òun má máa pe ènìyàn. Oṣù Ògún ni wọ́n ṣe é. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, ó sì lo oṣù mẹ́ta sí i tó ń fi omijé ká apá lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ Florence. Ọwọ́ rẹ̀ ń dé ẹnu báyìí. Kò dé ẹ̀yìn orí. Ẹlòmíràn ló ṣì ń we gèlè fún un.

Bí ó bá pàdé Sàlàkọ́ lọ́nà, ó ń kúnlẹ̀ kí i. Ìyá rẹ̀ máa ń gba ọ̀nà mìíràn.

Ìgúnpá Sàlàkọ́ náà kò padà bọ̀ sípò tán. Bó bá na ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ti ọ̀tún á kù díẹ̀ kó tọ́. Ó ṣì ń kọ ebè, ó ṣì ń to eegun ojúgun àti ti ìka. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgúnpá wá, kì í fọwọ́ kàn án. Á wo àwọ̀ ìka, á fi ìborùn gbé e kọ́ ọrùn, á sì ní kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì. Àwọn kan ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń rékọjá sí yàrá òdìkejì ni.

Ní oṣù Bélú, wọ́n gbé àgbẹ̀ kan wá tó ṣubú láti orí mọ́tò tó kó àgbàdo. Sàlàkọ́ ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ṣakí. Àwọn ẹbí rẹ̀ dúpẹ́, wọ́n sì gbé e wọ yàrá Mákánjúọlá. Kò pẹ́ tí igbe fi bẹ̀rẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, a jọ ń jẹ iṣu sísun. Sàlàkọ́ gbé iṣu sílẹ̀. Ó gbọ́ igbe kejì, ó dìde, ó la àgbàlá kọjá, ó sì ti ilẹ̀kùn náà láìkàn án.

Mo tẹ̀ lé e. Ọkùnrin méjì ti jókòó lé ẹsẹ̀ aláìsàn náà. Mákánjúọlá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Sàlàkọ́ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó fi ìka kan ọmọ ìka ọkùnrin náà, ó ní, “Ṣé o gbọ́ èyí?” Ọkùnrin náà mi orí pé rárá.

Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó ní, “Jọ̀wọ́, fi í sílẹ̀.”

“Níwájú àwọn ènìyàn mi, Ẹ̀gbọ́n?”

“Mo bẹ̀ ọ́.”

Mákánjúọlá jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Ó dìde, ó bọ́ sí ìta, kò wẹ òrí kúrò lọ́wọ́. Wọ́n gbé àgbẹ̀ náà lọ sí Ṣakí ní ọ̀sán yẹn, mo sì gbọ́ pé apá rẹ̀ ti wọlé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Mákánjúọlá ti mọ odi sí àárín àgbàlá. Búlọ́ọ̀kù ló fi mọ ọ́n, ó ga dé orí ènìyàn, ó sì ti la ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sí òpópó lẹ́yìn. Àwọn aláìsàn ń gba ibẹ̀ wọlé. Sàlàkọ́ kò rí wọn mọ́. Ó sọ fún mi pé òun ṣì ń gbọ́ wọn.